Ẹ̀jẹ̀ wo ni àwọ̀ ń fi hàn?

Mo ń ka àpilẹ̀kọ kan lórí àwọ̀ àti ẹ̀yà ènìyàn, ibi tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti ní àwọ̀ ara ló ń sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ènìyàn ni mo ti dúró. Ẹ̀jẹ̀ wo, ẹ jọ̀ọ́? Ìyá kan, bàbá kan ló bí èmi àti àbúrò mi. Òun pupa fòò, èmi dúdú bíi kóró iṣin. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, irú ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìyẹn “O”, ni àwa méjèèjì ní! Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè mẹ́lánínì, èròjà tó ń fún ara ní àwọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ tó, àti irú èyí tí wọ́n ń pèsè, ló yàtọ̀. Ẹ bọ́ aago ọwọ́ yín, kí ẹ wo ibi tí okùn rẹ̀ máa ń bò. Ṣé ẹ̀yà mìíràn ló ń gbé ibẹ̀ ni?

Ẹni tó kọ ọ́ sábẹ́ àpilẹ̀kọ náà pé gbogbo aláwọ̀ dúdú ló bá ara wọn tan, ẹ wo àwọn ará erékùṣù Solomon nínú Òkun Pàsífíìkì. Wọ́n dúdú kirikiri, síbẹ̀ tó bá di ti àbùdá, wọ́n súnmọ́ àwọn ará Éṣíà ju bí wọ́n ṣe súnmọ́ àwa ọmọ Áfíríkà lọ. Oòrùn ló sọ àwọ̀ di ọ̀kan. Ti orúkọ ẹ̀yà ló tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1930, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka àwọn ará Mẹ́síkò sí. Nígbà tó di 1940, wọ́n ti dá wọn padà sínú aláwọ̀ funfun. Ṣé wọ́n bó láàárín ọdún mẹ́wàá ni?