Kí Ni A Ń Fi Fèrè Idẹ Ńlá Ṣe?

Ní ìlú Ọ̀yọ́ tí mò ń gbé yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kàkàkí ààfin kì í ṣe fèrè gidi, nítorí pé ó gùn gbọọrọ láìní ju ohùn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Èrò ọkàn mi ni pé ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọmọ aráyé fi ń rọ fèrè idẹ tó tóbi ju ẹni tí yóò fọn ọ́n lọ. Ohun mẹ́ta ló máa ń fà á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra wọn rárá.

Èkíní ni kí ohùn lè rìn jìnnà, kí ẹni tí wọ́n ń fọn ọ́n fún sì níyì. Kàkàkí máa ń gùn ju mítà 2 lọ dáadáa, wọ́n sì máa ń tú u sí wẹ́wẹ́ láti gbé e rìn. Àwọn Haúsá àti Núpé náà ní in láàfin ọba wọn. Ní Tìbẹ́ẹ̀tì, àwọn olùfọkànsìn ẹ̀sìn Búdà ní èyí tí wọ́n ń pè ní dungchen, tó gùn débi pé wọ́n ní láti gbé ẹnu rẹ̀ lé nǹkan kí wọ́n tó lè fọn ọ́n. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ní cornu, tí wọ́n tẹ̀ yí ara afọnfèrè ká. Ní ọdún 1797, wọ́n wú fèrè idẹ 6 jáde ní àbàtà Brudevælte ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, èyí tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Kò sí fáàfù, ìyẹn ohun tí a ń fi ìka tẹ̀ láti yí ohùn padà, lára ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá yọ kàkàkí kúrò láàárín fèrè, kí ó yọ gbogbo ìwọ̀nyí pẹ̀lú.

Èkejì ni wíwá ohùn béèsì, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n pọ̀ sí. Bí o bá sọ gígùn ọ̀pá fèrè di ìlọ́po méjì, ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ yóò bọ́ láti dò sí dò ìsàlẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pá kan ṣoṣo kì í fúnni ní gbogbo ohùn tó wà láàárín, pàápàá ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí àlàfo ti fẹ̀. Àwọn ará Faransé kọ́kọ́ fi ihò yanjú rẹ̀ lára serpent, fèrè onígi tí wọ́n fi awọ bò, tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Lẹ́yìn náà ni ophicleide, fèrè onídẹ tí Halary alágbẹ̀dẹ fèrè gbé jáde ní Paris ní ọdún 1817, fi ìdérí onídẹ dí àwọn ihò náà. Ní ọdún 1818, Stölzel àti Blühmel, afọnfèrè méjì ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí fáàfù ní Berlin, ọ̀rọ̀ sì yí padà. Bí a bá fi ìka tẹ fáàfù, èémí yóò yà gba ọ̀pá kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, bí ọkọ̀ ṣe ń yà gba àdúgbò nígbà tí títì bá dí, fèrè yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ gùn sí i lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni Wieprecht, olórí orin àwọn ọmọ ogun Pírúṣíà, àti Moritz alágbẹ̀dẹ fèrè lò tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ lórí túbà, fèrè idẹ ńlá olóhùn béèsì, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1835. Túbà ńlá tí a mọ̀ lónìí, bí a bá tú u nà, yóò tó mítà 5 ààbọ̀, láìka ọ̀pá inú fáàfù rẹ̀ mọ́ ọn. Ó gùn ju kàkàkí lọ, kíká tí wọ́n ká a ni ojú kò fi rí i.

Láti ara túbà ni sousaphone ti wá, èyí tí àwọn ọmọ bándì wa ń gbé kọ́ èjìká. John Philip Sousa, olórí bándì ará Amẹ́ríkà, ló bèèrè fún un, J. W. Pepper tó ń ṣe fèrè sì ṣe é ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1890. Òkè ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ kọjú sí, tí àwọn ènìyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òjò ló ń gbè. (Wọn ò tíì rí òjò tiwa.) Nígbà tó yá ni wọ́n yí i kọjú síwájú.

Ẹ̀kẹta ni ṣekárími, èyí ni n kò fara mọ́. Ilé iṣẹ́ Bohland & Fuchs rọ túbà kan ní nǹkan bí ọdún 1911 tó gba ènìyàn méjì, kí ẹnì kan fọn ọ́n, kí èkejì máa tẹ fáàfù. Bí a bá sọ ọ̀pá túbà lásán di ìlọ́po méjì, ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ etí ọmọ ènìyàn kì í sábà gbọ́ ohun tó bá dín ní 20. Kí wá ni a ń rọ idẹ tó tó bẹ́ẹ̀ sí?

Irú èyí kò jìnnà sí wa. Mo mọ bándì kan tó fi owó ìkórè ra sousaphone tó tóbi jù lọ tí wọ́n rí ní ọjà, tí ọmọdékùnrin tín-ín-rín kan ń gbé e kọ́rùn ní ọjọ́ ìwọ́de nítorí fọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé orí kíbọọ̀dù ni béèsì wọn ti ń jáde. Fáàfù méjì lára fèrè náà ti gan. Owó òróró rẹ̀ kò pọ̀, owó olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń mí kò sì tó ìdajì iye tí wọ́n fi rà á. Bí wọ́n bá bi mí, túbà kékeré tí ọmọ náà lè gbé, tí èémí rẹ̀ sì lè kún, ni mo ní kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀.