Ẹ̀bẹ̀ ò lè tún iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: ẹ̀bẹ̀ tí a máa ń fi bo ẹni tí wọ́n bá gbá mọ́tò rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó gbá a á dákẹ́, èrò á bá a bẹ̀bẹ̀, ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ ló máa wá dìkà.

Ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ni, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá ń ná ọjà náà mọ̀ pé ìjà ni kéèyàn tó rí àyè páàkì. Mo ti páàkì, mo ti paná ọkọ̀, mò ń ka owó ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ń darí Sienna kan tó ń ṣe rìfáàsì: "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ gé e, ẹ gé e..." "Ẹ máa bọ̀" ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí mo fi gbọ́ gbàà! Iná ẹ̀yìn mi lápá òsì fọ́ yángá, bọ́ńpà wọnú. Ọmọ tó ń darí ti rá sáàárín èrò.

Bàbá tó wà nídìí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ páàkì síbí?" Mo ní, "Bàbá, ojú kan ni mo wà tẹ́ ẹ wá bá mi." Ó wo iná tó fọ́ nílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìyá mi, ẹ má bínú." Àwọn èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Mọ́mì, àgbàlagbà ni, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí ìwé ìńṣọ́ránsì ọkọ̀ yín." Ariwo sọ! Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ti bàbá mi mọ́lé ni. Bàbá mú ìwé jáde nínú ọ̀rá, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ó wò mí, ó ní, "Ìwé tí a fi ń kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá mà nìyí. Ó tún níṣẹ́ míì ni?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju iná tó fọ́ lọ. Owó ni bàbá yẹn san o! Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìńṣọ́ránsì, ti sọ owó irú ìńṣọ́ránsì yìí, "third party", fún ọkọ̀ àdáni di 15,000 náírà, láti orí 5,000. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí o bá ba ọkọ̀ ẹlòmíì jẹ́, ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ni yóò san owó àtúnṣe, ó lè tó mílíọ̀nù 3 náírà. Ọkọ̀ tìrẹ kò sí níbẹ̀. Nítorí ẹni tí o gbá ni. À ń sanwó yìí lọ́dọọdún, síbẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti fara kanra, a tún ń dọ̀bálẹ̀ láàárín ọjà. Ayédèrú rẹ̀ náà wà níta, nítorí náà ẹ lọ sórí askniid.org, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín síbẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ojúlówó lẹ ní.

Wọ́n ní mi ò bọ̀wọ̀ fágbà. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá yẹn kí a tó túká. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì ló ń jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò sì rówó tí mo fẹ́ fún panẹ́bítà lórí ohun tí mi ò ṣe. Ta ni ẹ̀bẹ̀ àwọn èrò yẹn wá ṣàánú nínú àwa méjèèjì?

A ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì lójú ibi tí wọ́n wà, a ya ìwé rẹ̀ náà, a sì pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni òun ò ní san nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn tán, ó kọjú sí àwọn tó ń pariwo mọ́ mi, ó ní kí kálukú lọ wo ìwé ọkọ̀ tirẹ̀. Mo ti fi fọ́tò àti iye tí panẹ́bítà pè é ránṣẹ́ sí wọn. Mò ń retí wọn.