Ipò tí awakọ̀ fi ẹ̀bùrú gbà, kó dá a padà

Máàkì méjì péré ni Lando Norris fi gba adé awakọ̀ Formula 1 ọdún 2025 mọ́ Max Verstappen lọ́wọ́, 423 sí 421. Barcelona ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí: níbẹ̀ ni Verstappen ti fi ọkọ̀ gbá George Russell, tí àwọn adájọ́ fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún àkókò rẹ̀, tó sì ti ipò karùn-ún já bọ́ sí ìkẹwàá. Máàkì mẹ́sàn-án ló lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìjìyà yẹn tọ́ sí i, a ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Irú ẹjọ́ mìíràn ló ń kọ wá lóminú: èyí tí awakọ̀ máa ń kúrò lójú ọ̀nà, tí á gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, tí àwọn adájọ́ á sì ní kó fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan rà á.

Ẹ wo ìdíje Jeddah ní Saudi Arabia, oṣù kẹrin ọdún 2025. Verstappen ló wà nípò kìíní lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, Oscar Piastri ti ikọ̀ McLaren ló tẹ̀ lé e. Bí iná ṣe kú, Piastri ló tètè gbéra, òun ló sì gba inú nígbà tí wọ́n dé kọ́nà àkọ́kọ́. Verstappen kò rí ọ̀nà, ló bá gba ìta, ó gé kọ́nà kejì, ó sì tún yọ síwájú. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni ìjìyà irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn adájọ́ dín in kù sí 5 torí pé ìyípo àkọ́kọ́ ni. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un pé kó dá ipò padà. Ìwé òfin kàn fún olùdarí ìdíje láàyè láti fún awakọ̀ láǹfààní kó dá ohun tó jèrè padà ni. Àǹfààní ni, kì í ṣe àṣẹ.

Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ táyà lè rò pé ìṣẹ́jú-àáyá 5 kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń sáré nínú afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ iwájú ti dà rú. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ọkọ̀ á máa yọ̀ ní kọ́nà, ojú táyà á gbóná kọjá ààlà, rọ́bà tó bá sì ti gbóná jù kì í di ilẹ̀ mú mọ́. Awakọ̀ á ní láti fà sẹ́yìn kí táyà lè tutù, bó sì ṣe ń fà sẹ́yìn ni ẹni iwájú ń lọ. Ẹni iwájú ní tirẹ̀ ń sá eré tó wù ú, ó ń tọ́jú táyà, òun ló sì máa pinnu ìgbà tó fẹ́ wọ pit, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Gbogbo èyí ni awakọ̀ ń rí gbà nígbà tó bá jí ipò iwájú. Adájọ́ tó bu owó ìtanràn lé olè ewúrẹ́, tó wá jẹ́ kó fa ewúrẹ́ náà lọ sílé, kò tíì dájọ́.

Àwọn kan á sọ pé Piastri kúkú borí ní Jeddah. Lóòótọ́ ni. Ó wọ pit ní ìyípo 19, Verstappen wọlé ní ìyípo 21, ó dúró san ìṣẹ́jú-àáyá 5 rẹ̀, ó sì jáde sẹ́yìn Piastri. Àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2.843 ni àlàfo àárín wọn nígbà tí ìdíje parí. McLaren ní eré lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi rí i gbà. Ṣé ikọ̀ tí kò ní eré tó bẹ́ẹ̀ ni ká wá sọ fún pé ẹ̀tọ́ wọn ti wọgbó?

Ní pápá yẹn kan náà lọ́dún 2024, Kevin Magnussen ti Haas jẹ ìjìyà 10 lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan torí pé ó kọlu Alex Albon, èkejì torí pé ó kúrò lójú ọ̀nà kó tó kọjá Yuki Tsunoda. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sí èrè kankan fún un mọ́. Ló bá ń rọra rìn, ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, títí Nico Hulkenberg, ẹnikejì rẹ̀ nínú ikọ̀, fi rí àlàfo tó tó láti wọ pit kó sì jáde síwájú wọn. Hulkenberg ṣe ìkẹwàá, Haas gba máàkì kan. Orí ipò tí Magnussen gbà lọ́wọ́ Tsunoda ni gbogbo ọgbọ́n náà dúró lé. Ká ní wọ́n ti gba ipò náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìyípo méjì ni, Tsunoda ì bá ti wà níwájú rẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ kò le. Bí awakọ̀ bá kúrò lójú ọ̀nà tó sì gba ipò, tàbí tó fi dá ipò tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dúró, kí wọ́n pàṣẹ fún un kó dá a padà láàárín ìyípo méjì. Tó bá kọ̀, kó wọ pit gba inú rẹ̀ kọjá láì dúró. Ìyẹn á ná an tó bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 ní ọ̀pọ̀ pápá. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó gba ipò ti wọ pit tàbí ti já sẹ́yìn, ìgbà yẹn ni kí ìjìyà àsìkò wọlé.

Irú ẹjọ́ yìí ṣeé dá kíá, torí kò sí pé ta ló jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ṣé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kọjá ìlà funfun? Ta ló wà níwájú kí wọ́n tó wọ kọ́nà, ta ló wà níwájú nígbà tí wọ́n jáde? Ìkọlù ló yàtọ̀, òun ló sì yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ títí ìdíje á fi parí. Ní Zandvoort lọ́dún 2025, wọ́n fún Carlos Sainz ti Williams ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 àti máàkì ìbáwí méjì, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ sórí ìwé àṣẹ awakọ̀, torí ìkọlù òun àti Liam Lawson. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Williams gbé fídíò kámẹ́rà orí ọkọ̀ wá, àwọn adájọ́ wò ó, wọ́n gbà pé èèṣì eré lásán ni, wọ́n sì yọ máàkì ìbáwí kúrò. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ńkọ́? Sainz ti san án nínú ìdíje. Òfin kò fún wọn ní agbára láti ṣe nǹkan kan sí i.

Jeddah ọdún 2023 tún burú ju ìyẹn lọ. Fernando Alonso kò gbé ọkọ̀ sínú àpótí rẹ̀ dáadáa lórí ìlà, wọ́n fún un ní 5. Láti san irú ìjìyà yìí, ọkọ̀ á dúró nínú pit, mẹkáníìkì kankan kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ títí ìṣẹ́jú-àáyá 5 á fi pé. Jáàkì ẹ̀yìn Aston Martin kan ọkọ̀ náà kó tó pé, kò gbé e. Ìdíje parí, Alonso gun orí pèpéle, ó gba ife, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi 10 lé e, tí Russell sì di ẹni kẹta. Kó tó pẹ́, Aston Martin kó fídíò ìgbà méje wá níbi tí jáàkì ti kan ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn tí wọn ò jẹ́ wọn níyà, ni wọ́n bá tún dá ipò padà fún Alonso. Ìgbà méje! Ká ní àwọn adájọ́ kan náà ló ń jókòó pọ̀ láti ìdíje dé ìdíje ni, ikọ̀ kọ́ ni ì bá máa rán wọn létí ohun tí àwọn fúnra wọn ti ń gbà láàyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ìdíje, adájọ́ mẹ́rin ló sábà máa ń wà, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ awakọ̀ àtijọ́ láti ọdún 2010. Wọn kì í gba owó oṣù, wọ́n kàn yọ̀ǹda ara wọn ni, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan, ní Austin ọdún 2024, Verstappen àti Norris jọ jáde síta ní kọ́nà 12, Norris tó kọjá ni wọ́n fún ní 5, ó sì pàdánù ipò kẹta. Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà ní Mexico City, àwọn méjèèjì tún kò lójú ara wọn ní kọ́nà kẹrin àti kẹjọ, 10 lọ́nà méjì ló sì já lé Verstappen lórí. A mọ̀ pé ẹjọ́ méjèèjì kò rí bákan náà délẹ̀, torí Norris ti ṣíwájú ní góńgó kọ́nà kẹrin. Síbẹ̀, ta ni nínú àwọn awakọ̀ ló lè sọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú iye tí ẹ̀ṣẹ̀ kan máa ná òun?

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, FIA, àjọ tó ń darí eré náà, yọ Johnny Herbert, awakọ̀ àtijọ́, kúrò nípò adájọ́ torí pé ó tún ń ṣiṣẹ́ asọ̀rọ̀ lórí eré fún àwọn oníròyìn. Wọ́n ṣe é ire. Àmọ́ ẹni tí wọn ò san owó fún, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kó fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀?

Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, FIA gbé ìlànà ìjìyà rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé, a sì kí wọn fún un. Ìlànà wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò déédéé ló kù. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti lè ṣe adájọ́, kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é: ní Austria ọdún 2023, ó lé ní 1,200 ìgbà tí wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọkọ̀ kọjá ìlà, èsì ìdíje sì tún yí padà lálẹ́; lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nà 9 àti 10, awakọ̀ sì ń ṣọ́ra rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń tako èrò pé kí adájọ́ máa gba owó oṣù sọ pé rírí ojú kan náà lójoojúmọ́ á bí ojúsàájú. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n má jẹ́ mẹ́rin péré. Kí FIA gba mẹ́wàá síṣẹ́, kí wọ́n máa yí wọn ká, mẹ́ta fún ìdíje kọ̀ọ̀kan, kí adájọ́ orílẹ̀-èdè tó gbàlejò ṣe ìkẹrin. Owó kò sì lè jẹ́ àwáwí níbi tí òfin ìnáwó ti fi mílíọ̀nù dọ́là 135 ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí ikọ̀ kan lè ná lọ́dún láti 2023 sí 2025, tí owó ìtanràn tí adájọ́ lè bù lé ènìyàn sì lè tó mílíọ̀nù kan yúrò. Zak Brown, ọ̀gá ikọ̀ McLaren, ti sọ pé ikọ̀ òun ṣe tán láti dá sí i. Kí wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ gbogbo ikọ̀ ní iye kan náà, kó tó di pé ìdíje àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ikọ̀ kankan má sì ní ohùn nínú yíyan adájọ́.