Rudolph ti wà ṣáájú eré tẹlifíṣọ̀n
Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òótọ́ pé eré tẹlifíṣọ̀n ọdún 1964 ló bí Rudolph, àgbọ̀nrín onímú pupa inú ìtàn Kérésìmesì, àti orin rẹ̀. Robert L. May ló kọ ìtàn náà lọ́dún 1939 fún Montgomery Ward, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tó pín in fáwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà Kérésìmesì ọdún náà. Johnny Marks, àna May, ló sọ ọ́ dorin; olórin Gene Autry sì kọ ọ́ sínú àwo lọ́dún 1949. Kódà, Max Fleischer ti fi ìtàn náà ṣe kátúùnù ní 1948! Eré 1964 rẹwà lóòótọ́: ọmọlangidi ni wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Japan. Àmọ́ May ló ni ìtàn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.