Àwòrán Tí Ẹ Rí Lórí Google, Ó Ní Ẹni Tó Ni Ín

Ìgbàgbọ́ kan ti ràn kálẹ̀ láàrin àwa tí à ń lo fóònù: pé àwòrán tó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ayé ni. Ẹ ó rí i lórí fláyà ìsọjí, lára èèpo ẹ̀yìn ìwé àwọn tó ń fi owó ara wọn tẹ ìwé ìtàn, nínú fídíò YouTube tí wọ́n ti ń sọ ìtàn Ṣàngó àti Ọya. Wọ́n á wá àwòrán òrìṣà kan tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á gé orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Photo credit: Google". Ẹni tó kọ ọ́ kò gbà pé òun ṣe ohun tí kò dáa. Lójú tirẹ̀, ó ti sọ ibi tó ti rí i, ó parí. Kò parí rárá, àwọn tó ń ya irú àwòrán tí a fẹ́ràn yìí ló sì ń jìyà rẹ̀.

Google kò ni àwọn àwòrán tó ń kó síwájú wa nígbà tí a bá wá nǹkan. Ó kàn ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà ni. Ẹ tẹ ọ̀kan nínú wọn kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa: Google fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwòrán náà ní kópíráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí oníṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Èrèlè 2018, lẹ́yìn tí òun àti Getty Images, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀tọ́ ìlò àwòrán, ti fẹnu kò, Google yọ bọ́tìnì tó máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣí àwòrán nìkan láì yà sí ojú-ìwé ẹni tó gbé e síta. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i, ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni ká a lọ.

Àwọn mìíràn á ní, "Ṣebí kò sí àmì © lára rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó ti wá, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, iṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ jáde láìsí àmì náà lè bọ́ mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí fíìmù Night of the Living Dead nìyẹn ní 1968: àwọn tó fẹ́ gbé e jáde yí àkọlé rẹ̀ padà, àmì kópíráìtì bá àkọlé àtijọ́ lọ, kò sì sí ẹni tó rántí fi òmíràn sí i. Fíìmù náà di ti gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà 1989, Amẹ́ríkà wọ inú àdéhùn Berne, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, èyí tó ti wà láti 1886. Lábẹ́ àdéhùn yìí, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kì í dúró de àmì tàbí ìforúkọsílẹ̀ kankan. Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀. Kété tí ayàwòrán bá ti fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sórí bébà tàbí sórí táblẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ ti dé, yálà ó buwọ́ lù ú tàbí kò buwọ́ lù ú.

Ẹ̀tọ́ náà kì í sì í bá ẹni tó ni ín kú. Òfin kópíráìtì Nàìjíríà ti ọdún 2022, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, fún un ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí oníṣẹ́ náà kú.

Ẹ jẹ́ ká fi Twins Seven Seven wò ó, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán ní Òṣogbo ní 1964. Ní tèmi o, kò sí ẹni tó ya ayé iwin àti ẹbọra fún wa bíi tirẹ̀. Ẹ sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀: ẹ kò ní rí àyè òfìfo. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi kún ara gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀, ìpẹ́ níhìn-ín, tóótòòtó lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọnà tirẹ̀. Ojú tó kọ́kọ́ wò ó á rò pé ẹranko kan ni, kó tó rí i pé ojú àwọn mìíràn ń wo òun láti inú ara rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí gba sùúrù, ó sì yẹ kí àwa náà fi sùúrù wò ó. Àmọ́ tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, WhatsApp á máa fún un pọ̀ ni títí ìlà yẹn á fi wọnú ara wọn, á sì tún yọ orúkọ àti àlàyé tí wọ́n kọ sínú fáìlì náà dànù. Ẹni tó bá gbà á kẹ́yìn, àwòrán ṣíṣú kan tí kò mọ baba rẹ̀ ló gbà. Ọdún 2011 ni Twins Seven Seven kú. Ẹ ṣírò rẹ̀: títí di ìparí 2081 ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà fún àwọn tó jogún rẹ̀.

Àwòrán ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́, èèyàn kàn ní láti mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀ ni. Arthur Rackham, ará Gẹ̀ẹ́sì tí igi inú àwòrán rẹ̀ máa ń ní ọwọ́ àti ojú bí àgbàlagbà, kú ní 1939, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti gbogbo ènìyàn ní àwọn ilẹ̀ tó ń ka àádọ́rin ọdún. John Bauer ti Sweden, tó kú ní 1918, náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kay Nielsen ti Denmark, tó jẹ́ pé ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo òun àti Rackham, ọdún 1957 ló kú, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kò ní di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilẹ̀ náà kó tó di 2028. Gbígbó tí àwòrán gbó lójú nìkan kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni bí àwọn èèyàn rere ṣe gbà pé dídárúkọ oníṣẹ́ ti tó. Ó dára kí a dárúkọ rẹ̀, kódà ó pọn dandan, àmọ́ orúkọ kì í ṣe àṣẹ. Bí ẹ bá ń ṣe àríwísí iṣẹ́ náà, tàbí ẹ ń ròyìn ohun tó ń lọ lọ́wọ́, òfin wa fàyè gba kí ẹ lò ó ní ìwọ̀n tó bójú mu. Èèpo ẹ̀yìn ìwé tí ẹ fẹ́ tà kò sí lára ìyẹn. Àṣẹ yìí gan-an ni oúnjẹ ayàwòrán. Frank Frazetta, ará Amẹ́ríkà tó ya jagunjagun àti abàmì ẹranko fún èèpo ìwé, tiraka títí àwọn atẹ̀wé fi gbà pé ẹ̀tọ́ ìlò nìkan ni wọ́n ń rà, kí ògidì àwòrán sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, Egyptian Queen, tó yà fún ìwé ìròyìn ní 1969, ni wọ́n tà ní ọjà gbàǹjo ní 2019 ní mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ dọ́là ó dín díẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀rọ AI, èyí tó ń ya àwòrán bí èèyàn bá ti kọ ohun tó fẹ́ fún un, náà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2022 ni Greg Rutkowski, ọmọ Poland tó ń ya dírágónì, ti ń pariwo pé àwọn èèyàn ń fi orúkọ òun pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti ya àwòrán tí òun kò fọwọ́ kàn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, àwọn ayàwòrán mẹ́ta, Karla Ortiz wà lára wọn, gbé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Chicago náà ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Glaze, tó ń fi àyípadà tí ojú èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ rí sára àwòrán kí ẹ̀rọ má baà lè sín ọwọ́ oníṣẹ́ jẹ.

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ má gbé ògidì fáìlì yín síta. Ẹ gbé kékeré síta, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí àárín iṣẹ́, níbi tí gígé rẹ̀ á ti ba àwòrán náà jẹ́. Ẹ tọ́jú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ fi pẹ́ńsù fà, nítorí ẹ̀rí yín nìyẹn. Ẹ máa fi TinEye tàbí Google Lens, àwọn ètò tó ń fi àwòrán wá ibi tí irú rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá iṣẹ́ yín kiri. Tí ẹ bá bá a níbi tí kò yẹ, òfin 2022 fún yín láyè láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lò ó ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí oníṣẹ́ náà. Ẹ sọ àwòrán tí ẹ ń wí ní pàtó, ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ tẹ̀ àti iye owó tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì dúró de èsì kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.