Ìdúpẹ́ tó kan DJ, tí kò kan ẹni tó ń bomi rin òdòdó

Mo ka ìwé ìdúpẹ́ tí àwọn tó ṣètò ìpàtẹ òdòdó àti iṣẹ́ ọgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ l'Abuja gbé síta, inú sì bí mi. Alága ọjọ́ náà wà níbẹ̀, bàbá ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ tó fowó ṣèrànwọ́, alága ìdúró, kódà DJ. Kò sí aláàárù kankan. Kò sí ọmọṣẹ́ olódòdó kankan. Mai ruwa, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi kiri? Ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ìpàtẹ aṣọ kọ́ nìyí o. Aṣọ tí ẹ bá fi kọ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa bá a ní Sátidé. Ohun tó ń mí ni òdòdó, oṣù Kẹta la sì wà, nígbà tí ooru Abuja lè kọjá 36 dígíríì, tí òjò ò tíì dé. Ẹ kó o sórí kọnkéré lábẹ́ kánópì láìsí ẹni tó mọṣẹ́ nítòsí, ẹ ó rí ohun tó máa kù lọ́jọ́ kẹta.

Ẹ mú ọkọ̀ tó kó òdòdó láti Ìbàdàn, tó gba Àkúrẹ́ àti Lọ́kọ́ja wá. Ọmọṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á ti bomi rin gbogbo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí omi tó pọ̀ jù lè ro tán kí wọ́n tó gbé e, torí pé nylon dúdú tí wọ́n gbin òdòdó sí, tí omi bá kún inú rẹ̀, máa ń fàya síni lọ́wọ́ ni. Á ta tàpólì sí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Atẹ́gùn eré ọkọ̀ ló máa ń pa òdòdó ixora lọ́nà ju oòrùn lọ: á máa fa omi lára ewé, gbòǹgbò ò sì ní lè fa òmíràn sókè kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Etí ewé kì í gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, nígbà tí oníbàárà ti sanwó, tó wá ń pariwo pé àrùn ni wọ́n tà fún òun.

Ti royal palm, irú ọ̀pẹ tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, tún le. Ojú kan ṣoṣo ló ti ń yọ ewé tuntun, níbi ọ̀gọ̀mọ̀ tó wà láàárín orí rẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹ́, ó ti kú nìyẹn, bó tiẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó imọ̀ rẹ̀ jọ sókè, tí wọ́n á fi okùn tó rọ̀ dì í kó tó wọ ọkọ̀. Ìkòkò onílítà 40 tí yẹ̀pẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ wúwo ju 50 kílò lọ, ìdí ìkòkò lẹni méjì sì gbọ́dọ̀ dì mú. Ẹni tó bá di igi mú gbé e sókè ti já gbòǹgbò wẹ́wẹ́ inú yẹ̀pẹ̀. Àwọn aláàárù ọjọ́ náà dì í mú nídìí. Ta ló kọ́ wọn? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Omi wá ni baba ọ̀rọ̀. Ẹ ka 300 ìkòkò, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lítà 3 láàárọ̀. Lítà 900 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó jẹ́ 36, lójoojúmọ́, ká má tíì sọ ti koríko. Mai ruwa ló ń tì í wá. Kí oòrùn tó mú ni wọ́n gbọ́dọ̀ bù ú tán, torí omi inú táǹkì dúdú àti inú họ́ọ̀sì tí oòrùn ti pa máa ń gbóná lọ́sàn-án débi tí gbòǹgbò ò ní gbà á. Èyí tó sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni ìkòkò tí èérún èèpo àgbọn pọ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti gbẹ tán pátápátá, kì í tètè gba omi mọ́. Ẹ ó da omi sí i lórí, á gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá jáde nísàlẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti mu yó. Ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀: gbígbẹ ni. Inú báàfù omi ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí, títí tí omi inú báàfù kò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Ọmọ kan wà ní ìpàtẹ yẹn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́: á gbé ìkòkò wò, èyí tó bá fúyẹ́, ó di inú báàfù.

Koríko tí ẹ tẹ̀ tẹ́ ẹ fi yà fọ́tò ńkọ́? Inú àpò ni carpet grass yẹn bá dé. Tí wọn ò bá tú u lójú ẹsẹ̀, inú àpò náà á gbóná fúnra rẹ̀, koríko á sì pọ́n láti àárín. Orí tàpólì àti iyanrìn tútù ni wọ́n tò ó sí, wọ́n fún un mọ́ra wọn, torí etí ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ.

Ẹ̀bùn ọgbà tó dára jù wá lọ sọ́dọ̀ kọngílá tó ra òdòdó náà. Ní Chelsea, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ òdòdó láti 1913, nọ́sìrì tó gbin òdòdó máa ń gba àmì ẹ̀yẹ lórúkọ ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń múra láti sọ pé ṣebí wọ́n gbowó iṣẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. DJ náà gbowó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bomi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìkòkò nídìí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mai ruwa, sannu da aiki. Iṣẹ́ yín ò tíì parí pàápàá, torí òdòdó tó ti wà lábẹ́ kánópì kò ṣeé gbé bọ́ sínú oòrùn gangan, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣíji bò ó ló máa kọ́kọ́ wà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ewé rẹ̀ má baà jóná.

Àmọ́ bóyá orúkọ lórí ìwé kọ́ ni wọ́n tiẹ̀ ń wá. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi ò sí lórí Facebook láti kà á, èmi náà sì ń bínú nítorí rẹ̀ níbi tí kò ti ní rí i. Bí wọ́n bá lè fi nǹkan kún owó omi lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n tún dárúkọ DJ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ní jà.