Ta ló ní yìnyín nìkan ló wà ní erékùṣù Scotland?

Níbi ìkómọ kan ní Peckham ní Sátidé tó kọjá, mo dá a lábàá pé kí àwa mélòó kan jọ lọ sí Harris, ní erékùṣù kan ní Scotland, nígbà ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n kan já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu: "Scotland kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀ ju yìnyín àti àgùntàn lọ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé ta ló ti débẹ̀ rí. Kò sẹ́nì kankan. Ẹni tó gbìyànjú jù ti sun Glasgow mọ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní Stornoway, ìlú tó tóbi jù ní Lewis, tóun àti Harris jọ wà lórí erékùṣù kan náà, ọ̀sán oṣù Kìn-ín-ní máa ń tó bíi 7°C. Ti London kò ju bíi 8 lọ! Apá kan Labrador ní Kánádà wà lókè ní ìhà àríwá bíi ti Lewis gan-an, bẹ́ẹ̀ òkun ibẹ̀ máa ń dì gbagidi nígbà òtútù. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń ṣàn láti ọ̀nà Gulf of Mexico la Atlantic kọjá, tí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn sì ń fẹ́ ooru rẹ̀ bọ̀ ní Lewis. Yìnyín ń já bọ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà pẹ́ nílẹ̀ létí òkun.

Ojú tèmi ló ṣe. Nínú oṣù Karùn-ún, èmi àti ìyàwó mi wọ ọkọ̀ ojú omi ní Uig, ní erékùṣù Skye. Kò tó wákàtí méjì tá a fi dé Tarbert, ní Harris. Nígbà tá a dé etíkun Luskentyre, n kò lè sọ̀rọ̀. Iyanrìn funfun lọ salalu. Ìkarawun ẹran inú òkun tó ti lọ̀ kúnná ló sọ ọ́ di funfun bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ ń dán bíi dígí aláwọ̀ ewé. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí, àǹtí mi n'Íbàdàn sì béèrè bóyá Barbados la ti lọ náwó. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan.

Ti pé kò sí nǹkan wíwò ńkọ́? Àwọn òkúta ńláńlá Callanish, tí àwọn ará àtijọ́ gbé nàró ní Lewis, ti wà lórí ìdúró fún nǹkan bí 5,000 ọdún. Ní Barra, erékùṣù mìíràn níbẹ̀, orí iyanrìn etíkun ni bàálù ń balẹ̀ sí. Bí òkun bá kún, pápákọ̀ òfurufú ti wọ omi nìyẹn.

Ẹni tó ń gbé Manchester tún ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò. Ẹ má dá mi lẹ́rìn-ín.

Ó dáa, mo gbà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le, kòkòrò tíńtín tí wọ́n ń pè ní midge sì ń jẹni nígbà ooru. Omi náà tutù. Kò tíì dé orúnkún mi tí mo fi sáré jáde.

Ẹ̀gbọ́n yẹn pè mí lánàá, wọ́n ní ṣé wọ́n ń ta ata rodo ní Harris. Mo ní kí wọ́n di tiwọn dání.